Ìjókòó Ọkọ̀ Funfun

Mọ́tò méjì ni wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú wọn, láti ìgbà náà ni mi ò ti gbádùn ara mi mọ́. Bí mo bá jókòó, màá fẹ́ dìde. Bí mo bá dìde, màá gbàgbé ohun tí mo dìde fún. Iṣẹ́ mi ni pé mò ń ta ẹ̀rọ tí àwọn dókítà fi ń yẹ ojú wò, láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn. Ilé iṣẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe ọ̀gá àwọn tó ń tà á ni, wọ́n sì ní àwọn á máa bá mi san owó ọkọ̀ lóṣooṣù, dé ìwọ̀n kan. Bí ó bá ju ìwọ̀n náà lọ, kí n fi owó ara mi kún un.

Kì í ṣe rírà o. Yíyá ni. A ó máa sanwó fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà a ó dá ọkọ̀ padà bí a ṣe gbà á, láì gé nǹkan kan lára rẹ̀, láì lẹ nǹkan kan mọ́ ọn.

Funfun ni ọ̀kan. Ó ga, ó láyè, owó rẹ̀ kò sì kọjá èyí tí ilé iṣẹ́ ń san. Dúdú ni èkejì. Ó rẹlẹ̀, ó ń dán, kí n tó kúrò níwájú rẹ̀ mo ti sọ ọ́ ní Adúmáradán. Àfikún owó tirẹ̀ yóò gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó oṣù mi lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo tún ń fọwọ́ pa á lára. Èmi tí mo máa ń bá àwọn dókítà dúnàá-dúrà láì ṣẹ́jú, mi ò rí ọkàn ara mi bá dúnàá-dúrà.

Olùtajà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ní kí n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sílé, kí n wà á wò fún ọjọ́ díẹ̀. Adúmáradán ni mo kọ́kọ́ gbé. Inú mi dùn débi pé ọ̀nà tó jìn ni mò ń gbà lọ síbi tó sún mọ́lé.

Ọkọ mi jáde wá wò ó. Onítìmùtìmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí òun ló ń tún ìjókòó wa ṣe, látorí àga pálọ̀ títí dé àga onígbàjámọ̀. Kò wo táyà, kò wo iná. Ó tẹ ìjókòó, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe rí i?" mo bi í.

"Èyí tó bá ti wù ẹ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú! Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti yọwọ́ yọsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dá mi lóhùn dáadáa. Owó ẹ̀ pọ̀ o."

"Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́," ó ní. Ó ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni."

Ó fi òwe kan tì mí síwájú, ó fi òmíràn fà mí sẹ́yìn, ó bá wọlé lọ fọwọ́.

Nígbà tó kan Funfun, mi ò rí àléébù kan lára rẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí. Àfi ìjókòó rẹ̀. Bí mo bá ti wà á díẹ̀, ìbàdí á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, màá wá fọwọ́ ti ẹ̀yìn bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀. Kí n má parọ́, ìrora yẹn dùn mọ́ mi. Mo ti rí ẹ̀sùn tí mo lè fi kàn án.

Lọ́jọ́ tó yẹ kí n dá a padà, mo jáde lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo bá ilẹ̀kùn ọkọ̀ ní ṣíṣí. Onítìmùtìmù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ńlá rẹ̀, ó ń já òwú.

"Jókòó wò ó," ó ní.

Mo jókòó. Ẹ̀yìn mi bọ́ sí ibi tí ó ti ń wá látọjọ́ yìí. Ìgbà náà ni ohun tó ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, mo bá figbe ta.

"Ẹ gé ìjókòó onímọ́tò!"

"Mi ò gé e. Mo tú u, mo ki fóòmù sí i, mo rán an padà."

"Ó ti di dandan ká mú un nìyẹn!"

"Ṣebí òun náà lo máa mú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ó fi aṣọ nu abẹ́rẹ́. "Ta ló tún fẹ́ sọ fún mi? Ojú ẹ á máa wo èyí tó ń dán, ọwọ́ ẹ á mú èyí tó bọ́gbọ́n mu. Bí o ṣe mú èmi náà nìyẹn."

Kò bínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀ lónìí.

Mo mọ ẹni tó ní lọ́kàn: ọ̀gá kan tí bàtà rẹ̀ máa ń dán, tó máa ń wá sílé wa nígbà tí Onítìmùtìmù náà ń wá. Ìyá mi ló fẹ́ ẹ fún mi. Nígbà tí mo fi àáké kọ́rí pé ẹni tó ń rán ìjókòó ni èmi fẹ́, ìyá mi bá mi yodì títí ó fi sú u. Mi ò sọ fún ọkọ mi rí, kó má baà dùn ún. Àṣé èyí tí mi ò sọ ló ń dùn ún.

Àwa méjèèjì la jọ dá Funfun padà. Ẹnu ń yún mi lójú ọ̀nà, mi ò rí ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀, ọkọ mi ti ṣàlàyé fún olùtajà ohun tó ṣe. Ẹ̀rín ọkùnrin náà wábi gbà. Ó ní bí a bá mú Funfun, kò sí wàhálà. Bí a ò bá mú un, ẹni tó tú u á rán an padà bó ṣe wà.

Ó gbé ìwé Funfun síwájú mi. Owó ń tì mí sọ́dọ̀ Funfun, ẹ̀yìn mi ń tì mí síbẹ̀, ìtìjú ìjókòó tí a tú náà ń tì mí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá buwọ́ lù ú, ohun tí ọkọ mi sọ di òótọ́ nìyẹn.

"Dúdú ni mo fẹ́," mo ní.

"Owó ẹ̀ ńkọ́?" ọkọ mi bi mí.

"Màá san án. Ẹ gbọ́ mi, Bàbá àwọn ọmọ. Ìyá mi ló fẹ́ oníbàtà dídán yẹn. Wọ́n bá mi jà nítorí yín. Ẹ̀yin lẹ wù mí. Kì í ṣe ọgbọ́n ni mo fi mú yín."

Olùtajà bẹ̀rẹ̀ sí í tún táì rẹ̀ ṣe. Onítìmùtìmù mú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ bá Funfun ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ó tú iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó yọ fóòmù, ó rán ìjókòó padà bó ṣe wà.

Fóòmù yẹn ló fi rán tìmùtìmù kékeré kan. Òun ló wà lẹ́yìn mi nínú Adúmáradán báyìí. Gígé àti lílẹ̀ ni ìwé àdéhùn sọ, kò sọ ti tìmùtìmù. Owó ń jáde lóṣooṣù, àyà mi ṣì ń já bí oṣù bá ti ń parí.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jọ jáde nínú rẹ̀, iná pupa dá wa dúró, ọkọ mi bá kọjú sí mi.

"Ìyá ẹ ò fẹ́ mi?"

"Rárá."

"Rárá pátápátá?"

"Pátápátá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó tẹ tìmùtìmù ẹ̀yìn mi wò bóyá ó dúró dáadáa, ó sì yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Rọra máa wà á," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n rí wa."