Okùn Tí Bọ̀dá Gé

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí pẹpẹ orí omi náà ń rìn lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Jórinjórin káwọ́ lérí létí adágún, ó ń wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló kan pákó mọ́ orí àgbá ike mẹ́jọ, kí àwọn tí káìtì, aṣọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbé sókè, ń fà sáré lórí omi lè rí ibi sinmi. Òun náà ló jó irin ìdákọ̀ró rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti wà nídìí iná ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú ń ta á, ẹ̀yìn ń ro ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n ń pè ní Tíṣà nítorí òun ló ń kọ́ni ní eré káìtì níbẹ̀, jókòó sórí àga ike, kò wojú rẹ̀.

“Afẹ́fẹ́ àná ló le, àbúrò mi.”

“Bọ̀dá mi, ti oṣù tó kọjá le jù ú lọ, kò sì kúrò lójú kan. Ẹ wo àwọn òkúta tó ń lọ bá yẹn. Tí ẹnì kan bá wà lórí rẹ̀ ńkọ́?”

Tíṣà họ orí, ó sì jẹ́wọ́. Ẹnì kan ti wà lórí rẹ̀ lánàá: nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ́ eré náà. Ó ń sinmi jẹ́ẹ́jẹ́, àfi gbàù! Pẹpẹ ti kọlu òkúta. Orúnkún rẹ̀ bó.

Jórinjórin sọ ọwọ́ kalẹ̀ lórí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. Ó wọ ọkọ̀ kékeré, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń wà á. Nígbà tí wọ́n dé ìdí pẹpẹ náà, ó fa okùn ìdákọ̀ró sókè. Kò tíì fà á jìnnà tó fi tán. Okùn tí òun so síbẹ̀ gùn ní ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ ju jíjìn omi lọ. Ojú ọ̀bẹ ṣì hàn lára rẹ̀.

“Ta ló gé e?”

Tíṣà gbé àjẹ̀ sílẹ̀. “Èmi ni. Ó ń léfòó, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ní irin tó wúwo tó yẹn á dá a dúró.”

“Wíwúwo nìkan kọ́. Tí okùn bá kúrú, ńṣe ni ìgbì á máa já irin nílẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?”

“Ó ti ń rẹ̀ ọ́ jù. Mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Jórinjórin láìròtẹ́lẹ̀. “Ẹ kúu làákàyè! Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan, ìsinmi tí ẹ fún mi nìyẹn?”

Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mo jẹ̀bi. Má bínú.”

Láti kékeré, Jórinjórin kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ló bá ní kí Tíṣà gbé okùn tuntun àti ìdákọ̀ró méjì mìíràn wá.

Wọ́n fa pẹpẹ náà padà sáyè rẹ̀. Ìdákọ̀ró mẹ́ta ni wọ́n sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà tirẹ̀, pẹ̀lú okùn gígùn. Wọ́n so àjákù irin mọ́ agbedeméjì okùn kọ̀ọ̀kan, kó lè rì sísàlẹ̀, kó má baà kọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Tíṣà ló ń fà, Jórinjórin ló ń júwe. Nígbà tí oòrùn fi rọlẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ fa pẹpẹ náà títí. Kò mira.

“Ó yá, jẹ́ ká máa lọ.”

“Ẹ máa lọ ní tiyín. Ẹ lọ bẹ nọ́ọ̀sì yẹn, kẹ́ ẹ tó padà wá mú mi.”

Ó na ara rẹ̀ sórí pákó pẹ̀lú bàtà tútù lẹ́sẹ̀. Tíṣà kò tíì dé èbúté tí oorun fi gbé e lọ.