Eyín Dùrù Tí Kò Dún

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé dùrù Góòlù wọ ṣọ́ọ̀bù Oníwáyà. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e, ẹnì karùn-ún kò gbé nǹkan kan bí kò ṣe ẹnu rẹ̀. Ẹnì karùn-ún yìí ni máníjà Góòlù.

“Ẹ rọra o,” ló ń sọ fún àwọn alárù. “Ìtàn lẹ gbé dání yẹn.”

“Ẹ gbé ìtàn náà sórí tábìlì,” ni Oníwáyà wí, “ẹ má gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.”

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí obìnrin yìí ti ń tú dùrù oníná àti rédíò palẹ̀, tó sì ń tò wọ́n padà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Èyí tó kọ́kọ́ tú, kò rí i tò. Ìkejì, ó tò ó tán, síkúrù mẹ́ta ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Láti orí ìkẹta ni síkúrù kì í ti í ṣẹ́ kù mọ́.

Góòlù ní tirẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Òun ló kọ àwọn orin sóòlù àti fọ́ńkì tó ń mú kí àwọn bàbá àgbà gbàgbé orúnkún wọn. Òun náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti ń sọ ọ́ láti ogójì ọdún, ó sì ti ń sọ ọ́ dáadáa.

Máníjà ṣàlàyé pé ní ọjọ́ Ẹtì, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú máa gbé dùrù náà sínú àpótí gíláàsì. Ó wá yọ ìwé kan jáde.

“Ẹ bá wa fọwọ́ sí èyí tẹ́ ẹ bá ti ṣe é tán, Màdáámú. Ìjẹ́rìí ni. Pé ẹ tú u, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ sì rí i pé orí rẹ̀ ni Ọ̀gá ti kọ gbogbo orin wọn. Wọ́n máa kọ ọ́ sára ògiri. Orúkọ yín náà máa wà níbẹ̀, nísàlẹ̀, ní kékeré.”

“Kékeré bíi báwo?”

“Ẹni tójú ẹ̀ bá dá ṣáṣá á rí i.”

Oníwáyà gba ìwé náà, ó fi sábẹ́ agolo tó ń kó síkúrù sí. Ohun tí máníjà kò mọ̀ ni pé ìyá Oníwáyà ló kọ àwọn orin náà, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún.

Táípíìsì ni Màmá nílé iṣẹ́ àwo orin nígbà náà. Ní ọ̀sán Sátidé, yóò jókòó sídìí dùrù oníná kan tí ilé iṣẹ́ ti jù nù, yóò kọ orin, yóò sì gbà á sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbọ́ ọ, ó ní orin dára, àmọ́ ta ló máa ra àwo táípíìsì ọlọ́mọ mẹ́ta? Ọmọkùnrin kan wà tóhùn rẹ̀ dùn, tí ṣòkòtò rẹ̀ sì tún dára ju ohùn lọ. Wọ́n gbé orin fún un. Nígbà tí ìwé tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ara àwo délẹ̀, tábìlì Màmá ni wọ́n gbé e sí, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló fi tẹ̀ ẹ́: Ẹni tó kọ orin, Góòlù. Ìgbà mẹ́tàdínlógún. Ó ní ọmọ láti bọ́.

Nígbà tí máníjà lọ tán, Oníwáyà ṣí dùrù náà. Inú dùrù oníná kò ṣòro. Tí ọwọ́ bá tẹ eyín kan, ìyẹn àwọn pátákó funfun àti dúdú tó tò lọ rẹrẹ, òòlù kékeré kan á fò sókè, á gbá ahọ́n irin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ahọ́n á gbọ̀n, òòfà á gbọ́ ọ, á sì ránṣẹ́ sí gbohùngbohùn. Wọ́n fi aṣọ tó nípọn bo orí òòlù, kí ó má baà dún gbànràn. Bí ọdún ṣe ń lọ, ahọ́n irin á máa jẹ aṣọ yẹn, á sì dá ojú ilà sí i. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á mọ iye iṣẹ́ tí dùrù ti ṣe.

Ó yọ òòlù kan. Aṣọ orí rẹ̀ ń dán bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Ó yọ ìkejì, ó yọ ogún. Bí wọ́n ṣe ń tẹ agogo ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ ìbẹ̀wò ni Góòlù ṣe tẹ dùrù yìí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó rìn lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí Màmá ń gbé, ó sì sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà fún un.

“Fọwọ́ sí i,” ni Màmá wí. “Jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ.”

“Mi ò fọwọ́ sí i.”

“Nítorí tèmi?”

“Nítorí òòlù. Mo lè parọ́ fún èèyàn, Màmá. Mi ò lè parọ́ mọ́ òòlù.”

Màmá wò ó. “Ọmọ tí mo bí rèé,” ó ní, ó sì mu tíì rẹ̀.

Oníwáyà wá ránṣẹ́ sí máníjà pé òun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan àfi tí Ọ̀gá bá fúnra rẹ̀ wá dán dùrù wò, kí ẹni tó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n dé. Góòlù wọ jígí dúdú nínú ilé. Obìnrin olùtọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mú ìwé àkọsílẹ̀ dání. Màmá wà lórí àga nígun ilé, ife tíì lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó kí i. Wọ́n ṣe bí oníbàárà ni. Dùrù tirẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ jù nù, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ bò ó.

Góòlù jókòó, ó ta béèsì, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀, orin rẹ̀ tó lókìkí jù. Nígbà tó dé ibi kan, ó fo ohùn kan tí etí ti ń retí. Olùtọ́jú dijú.

“Ìfò Góòlù,” ó ní. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti fi odidi ìwé ṣàlàyé rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán.

“Ọ̀gá,” ni Oníwáyà wí, “eyín dúdú tẹ́ ẹ fò yẹn, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún ketekete.

“Ó ń dún. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fò ó?”

Góòlù rẹrìn-ín tẹlifíṣọ̀n. “Bàbá mi olóògbé ni mo fi àyè yẹn sílẹ̀ fún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mí.”

“Nínú orin mẹ́tàdínlógún?”

“Nínú gbogbo wọn.”

“Mo mọ bàbá rẹ̀,” ohùn kan wá láti igun ilé. “Wọn kì í dákẹ́ débi tí wọ́n á fi ráyè mí.”

Góòlù yíjú. Ó bọ́ jígí. “Àǹtí Táípù?”

Oníwáyà ká aṣọ kúrò lórí dùrù kejì. Irú kan náà ni, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, àmọ́ eyín funfun rẹ̀ ti jẹ sínú níbi tí ìka ń bà sí. Ó yọ òòlù kan nínú rẹ̀, ó yọ ọ̀kan nínú ti Góòlù, ó kó méjèèjì sọ́wọ́ olùtọ́jú. Ojú ilà tó wà lórí èyí tó gbó lè gba igi ìṣáná.

“Ẹ wá tẹ eyín dúdú kan náà níbí, lórí dùrù ìyá mi.”

Olùtọ́jú tẹ̀ ẹ́. Igi nìkan ló dún, kọ́. Ó tún un tẹ̀, kọ́. Ó tẹ ti ọ̀tún, ó dún. Ó tẹ ti òsì, ó dún. Ó wá fi ìka kan wá béèsì orin náà kiri láti ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nígbà tó sì dé ibi ìfò, dùrù fúnra rẹ̀ ló fò ó.

Ó yíjú sí Màmá. “Kí ló ṣe é, Màmá?”

“Tíì,” ni Màmá wí. “Ẹnjiníà kan dà á sí i, ìdí tí wọ́n fi jù ú nù nìyẹn. Ó dípẹtà, ahọ́n rẹ̀ ṣẹ́. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Mo wá ń kọ orin gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Ẹ sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n yín pé ṣúgà méjì ló wà níbẹ̀.”

Máníjà dá sí i. “Ohun tó ṣeé ṣe ni pé Ọ̀gá náà ti lo dùrù yìí nígbà kan...”

“Góòlù,” ni Màmá wí, “ṣó o ti jókòó sídìí ẹ̀ rí?”

Góòlù ń wo bàtà ara rẹ̀. “Wọ́n sọ fún mi nígbà yẹn pé ẹ ò fẹ́ kí orúkọ yín wà níbẹ̀.”

“Wọ́n sọ fún ẹ. Ìwọ náà ò sì bi mí. Ogójì ọdún, ọmọ mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo, o ṣì ń múra láti bi mí.”

Olùtọ́jú fa ìwé ìjẹ́rìí yọ lábẹ́ agolo, ó fi ìlà gbọọrọ dábùú rẹ̀, ó yí i sẹ́yìn, ó sì bèèrè orúkọ Màmá ní kíkún.

“Lẹ́tà ńlá ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ o,” ni Oníwáyà wí. Máníjà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ṣé ẹ lè fún wa ní dùrù yín, Màmá?”

“Mo ṣì ń lò ó. Eyín tó kú yẹn ni kẹ́ ẹ mú.”

Oníwáyà tú u níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, òun àti kùkùté ahọ́n rẹ̀ tó ti dípẹtà. Ó wá wo dùrù Góòlù. Ahọ́n irin tó ti ń wá fún dùrù ìyá rẹ̀ láti ìgbà èwe wà nínú rẹ̀, kò tíì gbó.

“Ọ̀gá, ẹ ò lò ó, àbí?”

Góòlù mi orí. Oníwáyà yọ eyín àti ahọ́n náà nínú dùrù rẹ̀, ó dè é mọ́ ti Màmá, ó fi ìka gbọ̀n ọ́n wò, ó sì sún sẹ́yìn.

Màmá ta béèsì náà, gbogbo ohùn rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Ó fajú ro.

“Hùn. Gbogbo ọdún yìí ni mo ti ń rò pé mo pàdánù nǹkan.”

Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó sì fo ohùn náà fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ olùtọ́jú ń lu ilẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Góòlù la ẹnu láti kọrin, bó ṣe máa ń ṣe.

“Kò tíì kàn ẹ́,” ni Màmá wí, kò sì dáwọ́ dúró.