Eku Tí Abraham Fi Sílẹ̀

Ojú ló kọ́kọ́ rí ojú. Gbogbo Parakou ló dà sí gáà ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ náà, ní oṣù kìíní ọdún 1964, nígbà tí àwọn ọmọ Dàhòmè tí wọ́n ní kí wọ́n kúrò ní Nìjẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n ń sáré wọ ọkọ̀ ojú irin tí yóò gbé wọn lọ sí gúúsù. Ẹni tó ń ké ń ké, ẹni tó ń wá ọmọ ń wá ọmọ. Ẹrù, àpótí àti ìkòkò ń kọjá lórí èèyàn bí ẹyẹ. Adépéjú, ọmọ ogún ọdún, wà láàrin wọn pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́, nítorí àwọn obìnrin ìjọ wọn ní àdúgbò Àlùbáríkà ló ń bu omi fún àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ. Ó gbójú sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà gbójú sókè. Gbogbo ariwo gáà sì kú létí ọmọbìnrin náà bí iná tí wọ́n da omi sí.

Ẹni tó bá ní ọkàn rẹ̀ kò fò, irọ́ ló pa.

Abraham lorúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó gba igbá, ó mu omi, kò sì gbójú kúrò lójú ẹni tó fún un mu. Apẹ̀rẹ̀ kan wà lábẹ́ apá rẹ̀, ohun kan sì ń súfèé nínú rẹ̀: "Wíì! Wíì!"

"Kí nìyẹn?" Adépéjú bèèrè.

"Kòbáì ni, eku òyìnbó. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Niamey. Wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa á, mo bá jí i gbé. Kápúrà lorúkọ rẹ̀, torí ó máa ń pàṣẹ bíi sójà."

Ó ń wá ọ̀rọ̀ kí ó tó sọ ọ́. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni bàbá rẹ̀, àmọ́ Niamey ni wọ́n bí i sí, èdè Hausa ìyá rẹ̀ ló sì mu dàgbà.

Ìyá Adépéjú ń pè é lọ́nà jíjìn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn níbẹ̀, Ọmọ́yẹmí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, figbe ta: "Ìbàdíàrán! Ìbàdíàrán o! Omi dà?" Ìyàwó ilé wo ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ? Ọmọ́yẹmí ló sọ ọ́ ní Ìbàdíàrán lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ, òun nìkan ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé.

Abraham fẹ́ gun ọkọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti apẹ̀rẹ̀ náà padà. "Músíọ̀, èèyàn ò rí àyè fẹsẹ̀ lé, ìwọ ń gbé eku bọ̀! Ṣé òun náà ti san owó ọkọ̀ ni?" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Abraham kò rẹ́rìn-ín. Ó yí padà, ó gbé apẹ̀rẹ̀ lé Adépéjú lọ́wọ́.

"Jọ̀ọ́, bá mi tọ́jú rẹ̀. Ewéko ni oúnjẹ rẹ̀. Mo ń bọ̀ wá gbà á. Níbo lò ń gbé?"

"Àlùbáríkà. Orúkọ mi ni..."

"Mo ti gbọ́ orúkọ rẹ. Wọ́n ti pè ọ́ létí mi. Títí láé, mi ò ní í gbàgbé rẹ̀."

Ọkọ̀ fọn fèrè, ó gbé e lọ.

Nínú oṣù tó tẹ̀lé e, Babátúndé, ọkọ Ọmọ́yẹmí, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kó ìyàwó rẹ̀ lọ sí Malanville létí odò Ọya. Ó wá ku Adépéjú nílé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti eku.

Ó retí lẹ́tà. Ọjọ́ gorí ọjọ́, kò sí lẹ́tà. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin bá gòkè wá ló ń wẹ̀, tó ń lé làálì sí ẹsẹ̀, tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sí gáà, kí Abraham má baà sọ̀kalẹ̀ kó má bá ohun ìní rẹ̀. Ọdún kìíní lọ. Ìkejì lọ. Lẹ́bàá kànga, àwọn obìnrin rí ohun tí wọn yóò fi ṣe ẹnu.

"Ìyàwó eku, ṣé ọkọ ẹ ti jẹun?"

"Ẹran yìí mà ti sanra o! Ata ni kò sí ni, àbí iyọ̀?"

Télọ̀ kan tó ń jẹ́ Ọlátúnjí wá bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, ó wo apẹ̀rẹ̀ náà títí. "Adépéjú, bí mo bá fẹ́ ọ, ṣé èyí náà á bá wa wọlé?"

"Kì í ṣe tèmi tí mo lè kó lọ sílé ọkọ. Wọ́n fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́ ni."

Ọlátúnjí dé fìlà rẹ̀, ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní Banikanni.

Ìyá rẹ̀ sunkún títí ó fi rẹ̀ ẹ́. "N ò bí ọ fún eku o, Adépéjú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń pọn ọmọ kejì, ìwọ ń pọn apẹ̀rẹ̀."

"Màmá, bí Kápúrà bá ṣì wà, Abraham á wá."

"Bí kò bá sí mọ́ ńkọ́?"

Adépéjú ja ewéko sínú apẹ̀rẹ̀. Ohun tó ti bá ọkàn ara rẹ̀ mulẹ̀ nìyẹn: níwọ̀n ìgbà tí ẹran yìí bá ń mí, okùn tó so òun pọ̀ mọ́ Abraham kò tíì já. Lọ́jọ́ tó bá kú, ó ti parí nìyẹn.

Ogbó kò sì mọ ẹni tó ń retí. Nígbà tí ó fi di ọdún 1969, irun ẹ̀yìn Kápúrà ti pá. Ojú rẹ̀ ọ̀tún funfun bí ẹyin tí wọ́n sè. Eyín rẹ̀ gùn, ó wọ́, wọ́n kọ́ ara wọn lẹ́nu tí kò fi lè gé koríko mọ́. Adépéjú gbé e lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Zongo.

"Ọmọ mi," baba náà wí, "ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fá orí. Orí àlájì, orí alákàrà, orí ọmọ tuntun. N ò tíì fá eku rí."

Síbẹ̀ ó bá a gé eyín náà. Kí oṣù tó parí, wọ́n tún ti gùn.

Ló bá di pé kí Adépéjú máa gún ewé ọ̀dùnkún nínú odó kékeré tí ìyá rẹ̀ fi ń gún ata, kí ó pò ó mọ́ ògì, kí ó fún omi ọsàn sí i, kí ó sì máa fi ìyẹ́ adìyẹ kán an sí ẹran náà lẹ́nu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ̀ kò dárí ọ̀rọ̀ odó yẹn jì í. Adépéjú ń fi omi lílọ́wọ́ọ́ wẹ ìdí ẹran náà, nítorí Kápúrà kò lè sún kúrò nínú ìtọ̀ ara rẹ̀ mọ́. Ó ń fi òrí pa àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó sán. Bí ọyẹ́ bá dé, inú ìró rẹ̀ tó dára jù ló ń wé e sí, ìró tó rà nítorí ọjọ́ tí Abraham yóò dé.

Ohun tó dùn ún jù ni súfèé yẹn. Tẹ́lẹ̀, bí Kápúrà bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ké "Wíì! Wíì!" bí ẹni ń pàṣẹ. Ní báyìí, á gbọ́ ẹsẹ̀, á gbé imú sókè, á la ẹnu. Ohùn kò ní í jáde.

Ọ̀sẹ̀ tí òjò oṣù kẹfà bẹ̀rẹ̀ ni Ọmọ́yẹmí dé láti Malanville, lẹ́yìn ọdún márùn-ún gbáko.

"Ìbàdíàrán mi! Yéè, kí ló mú ọ gbẹ báyìí? Eku yẹn ò tíì kú?"

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó wa. Ó ń gbọ́."

Lọ́jọ́ kẹta, Kápúrà kọ oúnjẹ. Adépéjú jókòó lábẹ́ igi gúáfà láti àárọ̀, ó kán ògì sí i lẹ́nu, ògì ń ṣàn jáde. Ó tún kán an. Ó tún ṣàn jáde. "Jẹ ẹ́, baba mi," ló ń wí. "Jẹ díẹ̀ péré. Bó bá dé lónìí ńkọ́?" Ẹran náà gbé orí lé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ, ń bọ̀, bí ẹni tó gun òkè tí kò rí ibi sinmi.

Ọmọ́yẹmí tó ti lọ sí Zongo láti ra aṣọ já wọ agboolé. Kò sí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Gèlè rẹ̀ ti tú sí ọrùn.

"Ìbàdíàrán. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Baba Sàrúmì. Mo ní kó bá mi yan àǹkárá tó máa yẹ Ìbàdíàrán mi. Àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, 'Ta lo pè?'"

Adépéjú kò gbójú sókè. "Kí ló kàn án nínú orúkọ mi?"

"Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan fún òun ní lẹ́tà ní Kutonu lọ́jọ́ pípẹ́ sẹ́yìn, pé kí òun fún Ìbàdíàrán ní Àlùbáríkà. Ó bèèrè nídìí kànga. Ó bèèrè ní mọ́sáláṣí. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì yín gan-an. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Amánà ni, ohun tí wọ́n fi sí i níkàáwọ́, kò lè ya á, kò lè sọ ọ́ nù. Inú àpótí Kùránì rẹ̀ ló wà látìgbà yẹn."

*Wọ́n ti pè ọ́ létí mi.* Ọ̀rọ̀ náà dún ketekete létí Adépéjú, bí ẹni pé ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ náà kò tíì fọn fèrè.

"Èmi ni mo pè é," Ọmọ́yẹmí ń sunkún. "Ẹnu mi yìí ni."

"Kí ló ní kí wọ́n sọ fún mi?"

"Ó ní òun á dúró de èsì títí di Àjíǹde. Bí èsì ò bá dé, òun á mọ̀ pé o ò fẹ́ òun, òun á bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gàbọ́ọ̀nù."

"Àjíǹde ọdún wo?"

Ọmọ́yẹmí tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ lẹ́tà náà jáde, àpòòwé tí wọ́n kọ 1964 sí lára, tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, tí ìlà ìṣẹ́po rẹ̀ ti fẹ́ já. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ọdún méje ló ti jẹ́ ìyàwó ilé yìí, kò pe orúkọ náà rí.

"Adépéjú," ó wí. "Gbà."

Ọwọ́ ọ̀tún Adépéjú wà lábẹ́ àyà Kápúrà. Ohun kan ń rìn níbẹ̀ tí kò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ, kò sì fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò kí ó má baà jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni yóò dúró. Ó na ọwọ́ òsì. Ọmọ́yẹmí kò bá a wí. Ó gbé lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.