Epo Tí Kì Í Yára Gbaná

Ọ̀rọ̀ epo yìí ti sú Àsíátù. Ó ti sú u débi pé bó bá jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Òkè Àrin, láàárín páálí mílíìkì àti tìmátì alágolo, tẹ́nì kan bá dárúkọ epo, kódà kó jẹ́ epo pupa, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ.

Bashiru ló fà á. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti dolóògbé ni, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà nínú agbo ilé wọn ní Ìta Fájì. Ọmọ náà ríṣẹ́ gidi ní Màríínà. Dípò kó ra ilẹ̀ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ pupa kan báyìí ló rà, ọkọ̀ oní-tọ́bò. Bí àwọn òyìnbó ṣe ṣe é ò tún tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó gbé e fún àwọn kan, wọ́n tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tò kó lè máa sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ ò ti gba epo tí gbogbo ayé ń rà mọ́. Tí wọ́n bá rọ ọ́ sí i, inú ẹ́ńjìnnì á máa dún kó-kó-kó bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

"Àǹtí, tọ́bò yẹn ń ki atẹ́gùn bọ inú ẹ́ńjìnnì ni," Bashiru á ní. "Ibẹ̀ á wá gbóná gan-an. Epo lásán á ti gbaná kó tó yẹ kó gbaná. Epo tí kì í yára gbaná la nílò."

Bí ẹni pé ẹnì kan bi í.

Ó kọ́kọ́ ń ra oògùn inú ìgò kan tí wọ́n ń dà mọ́ epo. Nígbà tó yá, ó ní ayédèrú ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó bọ́ sórí epo àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìje, tí ọkùnrin kan ń kó wọlé; ọkùnrin náà kó lọ sí Kánádà, kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta ló wá kó bá wọn. Ọtí ni. Kì í ṣe ọtí ilé ọtí o, ọtí pọ́ńbélé tó le ju ògógóró lọ, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò. Bashiru ní tóun bá lù ú mọ́ epo lásán, ara ẹ́ńjìnnì á tutù pẹ̀sẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì ló ń gbé e wọ agbo ilé tí baba baba wọn ti ṣe lèmọ́mù.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan tó kírun Àsárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bashiru fi gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀. Ẹni náà ò bi í léèrè. Ọ̀dọ̀ Alhaji Mùtíù ló gbà lọ tààrà, baba Khairiyyah, ọmọbìnrin tí Bashiru fẹ́ fẹ́. Alhaji bá ránṣẹ́ sí Àsíátù pé òun ò ní fọmọ fún ọ̀mùtí.

Àsíátù ti ìsọ̀ pa. Òun ló ṣe alárinà ìgbéyàwó yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, bó bá sì bàjẹ́, òun lojú máa tì. Ó kúnlẹ̀ ní pálọ̀ Alhaji.

"Alhaji, ọkọ̀ ló ń lo ọtí yẹn. Wàláì, ọtí ò kan ẹnu Bashiru rí. Ara aṣọ rẹ̀ ló ti ń rùn."

Alhaji ní kó dìde. "Torí pé ẹ̀yin lẹ búra, Alhaja, mo gbà. A máa so yìgì lọ́jọ́ tá a dá."

Tayọ̀tayọ̀ ni Àsíátù fi padà sílé. Bó ṣe yọ sẹ́nu ọ̀nà, Bashiru rè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó dúró ti kẹ́ẹ̀gì tó gbé sórí ọkọ̀. Ó fi rọ́bà gbọọrọ kan sẹ́nu, ó fà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì yára ki rọ́bà náà bọ táǹkì.

"Bashiru, kí lò ń ṣe yẹn?"

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Mò ń rọ epo ni."

"Ẹnu lo fi ń fa ọtí?"

"Mi ò kì í gbé e mì."

"Ṣé mo bi ẹ́ bóyá ò ń gbé e mì?"

"Ẹ̀rọ tí mo fi ń fà á tẹ́lẹ̀ ló bàjẹ́, Àǹtí. Mo ti ń sọ pé màá ra òmíì."

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, tó kún Ìdúmọ̀tà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó wá ọtí kiri gbogbo Èkó nítorí ọkọ̀ ò lè ya Ìdúmọ̀tà ra ẹ̀rọ ìfapo. Inú bí Àsíátù débi pé ẹ̀rín ló fẹ́ pa á. Ẹnu yìí gan-an lòun forúkọ Ọlọ́run búra lé lórí. Ẹyin sì lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, àmọ́ báwo ló ṣe máa dúró kírun Mágàríbì?

"Dìde," ló wí. "À ń padà lọ sọ́dọ̀ Alhaji."

Bashiru nawọ́ sí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ẹsẹ̀ la máa fi rìn."

Àsíátù ò fi ohunkóhun pamọ́ fún Alhaji. Ó sọ ti rọ́bà, ó sọ ti ẹnu, ó ní òun ò mọ̀ nígbà tóun búra. Khairiyyah ti wá dúró lẹ́bàá kọ́tíìnì ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà wá sọ ọ́, Alhaja," ni Alhaji wí. "Ẹ̀bi yín kọ́." Ó yíjú sí Bashiru. "Èmi ò mọ̀ nípa ọkọ̀. Ṣé ó lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó máa lo epo tí gbogbo wa ń lò?"

"Ó lè padà, sà."

"Ṣé wàá dá a padà?"

Ìbéèrè náà ò le rárá. Àsíátù ti ń fi ojú bẹ̀ ẹ́.

"Alhaji, sà, tí mo bá dá a padà, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀ gan-an ni. Bóyá tá a bá dín ọtí náà kù, ká wá fi oògùn inú ìgò yẹn díẹ̀..."

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀," Khairiyyah sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kó rò ó. Mo fẹ́ wo bó ṣe máa pẹ́ tó."

Bashiru tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó ń rò ó lóòótọ́. Àsíátù rí ètè rẹ̀ tó ń mì bíi tẹni tó ń ṣírò, epo báyìí, ọtí báyìí. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un, kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Nígbà tó gbórí sókè tó ní, "Màá dá a padà, sà," kọ́tíìnì ló ń mì lẹ́nu ọ̀nà. Khairiyyah ti wọlé lọ.