Ta Ló Ń Ba Dísíìkì Tàíbátù Jẹ́?

Bí Tàjùdíìnì bá ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ èrò trotro ní Madina, ní Accra, kí ó tó sọdá títì, àyà Tàíbátù á ti máa lù kìkì. Òórùn tùràrí ara ọkùnrin náà a máa ṣáájú rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rín rẹ̀ ńkọ́? Irú ẹ̀rín tí í mú kí ènìyàn gbàgbé pé òun gbé omi kaná ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ tí à ń wí yìí, bí àyà ọmọbìnrin náà ti ń lù tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ le koko bí ẹ̀kọ àná.

Kọ̀ǹpútà ló dá a sílẹ̀.

Iṣẹ́ fídíò ìgbéyàwó ni Tàíbátù ń ṣe. Òun ló ń gé e, òun ló ń tò ó, òun ló ń fi orin sí i, títí ìyàwó tó bá rí ara rẹ̀ níbẹ̀ á fi sunkún ayọ̀. Kọ̀ǹpútà tí bàbá rẹ̀, olóògbé Àrówólò, fi sílẹ̀ fún un ló fi ń ṣe é, ọjọ́ orí sì ti dé sí ẹ̀rọ náà. Ló bá ra dísíìkì tuntun, irú èyí tó yára, tí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú, ó da gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sórí rẹ̀, ó rò pé ìyà tán. Áà! Bó bá ní kí kọ̀ǹpútà fi iṣẹ́ pamọ́, á dúró gbagidi. Ìyàwó inú fídíò á gbé ẹsẹ̀ sókè láti jó, ẹsẹ̀ kò ní í sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n júwe Tàjùdíìnì fún un, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ kan ní Osu. Ó wá, ó tún un ṣe, kọ̀ǹpútà ń sáré bí ẹṣin. Kò pẹ́ tó lọ, ó tún ń kólòlò. Ó tún wá, ó tún tún un ṣe, ó tún bàjẹ́. Láàárín wíwá àti lílọ yìí ni ìfẹ́ wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ní báyìí, àbúrò bàbá Tàjùdíìnì tó ń gbé Dansoman fẹ́ wá mọ ilé lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n kàn ń retí kí Ràṣídátù, ìyá Tàíbátù, pè pé kí wọ́n máa bọ̀ ni.

Ràṣídátù kò kọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà tí yóò bá ìrẹsì se pọ̀ fún wàákyé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Tàíbá, kápẹ́ńtà tó ń tún àga kan náà ṣe ní gbogbo ìgbà, ṣé àga ló ń wò ni, àbí ọmọ onílé?"

"Ìyá mi, kí lẹ ní lọ́kàn?"

"Mi ò ní nǹkan lọ́kàn o, ẹ̀wà ni mo ní lọ́wọ́. Àmọ́ ṣebí fóònù ni Fatawu náà ń tún ṣe? Sọ fún mi kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ará Dansoman ń retí ìpè mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún Tàíbátù lọ́kàn bí abẹ́rẹ́. Fatawu, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ àtijọ́ tó ń tún fóònù ṣe ní Lapaz, ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba fóònù Tàíbátù jẹ́ kí ó lè tún rí i. Ó kọ́kọ́ dùn, àfi ìgbà tó gbọ́ pé fóònù àwọn ọmọbìnrin mìíràn náà kì í yé bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló ti búra pé ẹni tó bá fi ẹ̀tàn wá ìfẹ́ kò ní í di ọkọ òun. Bó bá jẹ́ Tàjùdíìnì ló ń ba dísíìkì yìí jẹ́, kí ẹbí rẹ̀ jókòó sí Dansoman, bí ọkàn òun tilẹ̀ fẹ́ já.

"Ẹ kú ọ̀sán o, ẹyinjú ẹgẹ́," ni Tàjùdíìnì wí bó ti ń wọlé.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bọ̀ọ̀dá Tàjù." Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà jókòó, ó tẹ nǹkan díẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ó tún ti padà síbẹ̀!"

"Síbo?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo sún un kúrò níbẹ̀, mo gbé e sí ẹgbàá ó lé méjìdínláàádọ́ta. Ó ti tún padà sí mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta kí ni? Ẹ kàn ń kà á bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà."

Tàjùdíìnì mí kanlẹ̀. "Ṣé o mọ pápá tí a ti ń kírun ọdún? Ká ní wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní ìlà, ẹnì kan sí ẹní kan. Bí ẹni tó kọ́kọ́ dé bá lọ dúró sí agbedeméjì ẹní méjì, kí ni ẹni tó tẹ̀lé e máa ṣe?"

"Á dúró sí agbedeméjì bíi tiẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni títí dé ìparí. Bí ẹnì kan péré bá forí kanlẹ̀, ẹní méjì ló máa dàrú. Ní dísíìkì àtijọ́, wẹ́wẹ́ ni àwọn ẹní, ibi yòówù kí ìpín àkọ́kọ́, apá tí a kọ́kọ́ gé sọ́tọ̀ lórí dísíìkì, ti bẹ̀rẹ̀, kò fa wàhálà. Ẹní ti tuntun yìí fẹ̀. Bó bá fẹ́ fi nǹkan kékeré pamọ́, ibi méjì ló máa tú, kó tó tún wọn tò. Ibi tí ìpín ti bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́, òun ni mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí mo ń kà. Ṣùgbọ́n dísíìkì kì í rìn, Tàíbátù. Báwo ló ṣe ń padà?"

Tàíbátù wo kọ̀ǹpútà, ó wo ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ ẹní yé e díẹ̀. Ti ọkùnrin ni kò yé e rárá. Ojú tó mọ́ báyìí, ṣé ó lè purọ́? Àbí ojú Fatawu náà kò mọ́ ni?

"Bọ̀ọ̀dá Tàjù, ẹ wò mí lójú. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ń dá a padà síbẹ̀, kí ẹ lè rí nǹkan sọ pé ẹ wá ṣe?"

"Èmi kẹ̀?" Ọkùnrin náà fò dìde. "Èmi rò pé ìwọ ni!"

"Èmi?"

"Mo ní bóyá o ń bà á jẹ́ kí n lè máa wá. Inú mi tiẹ̀ ń dùn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi ọ́."

Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n bi ní ọ̀nà ilé ara rẹ̀. Lóde, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan ń pariwo "Circ! Circ!", ó ń pe èrò sí Circle, bí ẹni pé gbogbo ayé mọ ibi tí wọ́n ń lọ, àfi àwọn nìkan.

"Bí mo bá lọ tán," ni Tàjùdíìnì bi í jẹ́jẹ́, "kí lo máa ń ṣe?"

"Kò sí. Mo kàn máa ń kó ẹrù tó kù wọlé ni."

"Ẹrù wo?"

Tàíbátù ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú dísíìkì àtijọ́ jáde. Gèlè ni ó fi wé e.

"Lọ́dún tí ìjọba ní kí àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Ghana, ẹrù díẹ̀ ni ìyá ìyá mi rí gbé. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọn ò bá ìyókù. Láti ìgbà náà, bí ará ilé wa bá ń kó ẹrù, odindi là ń kó, ṣíbí kan kò gbọdọ̀ kù. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín tán, mo rí i pé nǹkan kù. Mo kó iṣẹ́ mi tuntun sórí ti àtijọ́, mo wá da odindi ti àtijọ́ sórí tuntun, bó ṣe wà gẹ́lẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Bí ẹ̀gbọ́n lẹ jẹ́ sí mi. Ṣé kí n wá máa sọ fún yín pé iṣẹ́ yín kò pé?"

Tàjùdíìnì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Títí kan ibi tó ti bẹ̀rẹ̀!"

"Ẹ̀rọ yẹn ń kó ìyẹn náà ni?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí ó kó gbogbo ẹ̀!"

Ẹ̀rín pa wọ́n, omi bọ́ lójú wọn. Ràṣídátù yọjú láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ṣé ó ti ṣe é, àbí ẹ̀yin méjèèjì lẹ ti dàrú?"

Tàjùdíìnì ti yíjú sí kọ̀ǹpútà. "Kí ni mo tiẹ̀ fi sílẹ̀?" ni Tàjùdíìnì bi Tàíbátù. "Gbogbo fáìlì pátá ni mo kó."

Tàíbátù fi í hàn án lójú kọ̀ǹpútà: ìpín kékeré kan ní ìparí dísíìkì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ *Ti Tàíbá*. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Bàbá mi ló pín in. Ó ní bí mo bá dàgbà, màá mọ ohun tí mo fẹ́ fi síbẹ̀. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Fatawu ì bá ti rẹ́rìn-ín. Tàjùdíìnì kò rín in. Ó tún kó iṣẹ́ Tàíbátù sí apá kan, ó nu dísíìkì tuntun mọ́, ó pín in, ó sì gbé ìbẹ̀rẹ̀ ìpín àkọ́kọ́ sí ibi tó dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kí ó tó kó nǹkan kan wọlé, ó lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, ó pín ààyè kékeré kan síbẹ̀, òun náà dọ́gba, ó sì kọ orúkọ sí i: *Ti Tàíbá*.

"Òfìfo ni o," ni Tàíbátù wí.

"Mo mọ̀. Tìẹ ni."

Nígbà tí ọkùnrin náà kó iṣẹ́ padà wọlé tán, tó ṣí fídíò, ìyàwó gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ sì bá ilẹ̀ pẹ̀lú ìlù. Tàíbátù tún fi gèlè wé dísíìkì àtijọ́. Ó dì í mú díẹ̀, ó wá nà án sí Tàjùdíìnì. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, kí ọwọ́ mi má baà tún yún mi."

"Tàíbá!" Ohùn ìyá rẹ̀ tún dé. "Oòrùn ń lọ o. Kí ni kí n sọ fún wọn?"

Bí ẹní ṣe ń wà nínú ohun tí kò ní ilẹ̀, kò tíì yé Tàíbátù. Bí nọ́ńbà kan péré ṣe lè mú ẹsẹ̀ ìyàwó rọ̀ lófuurufú, kò yé e pẹ̀lú. Ti ọkùnrin náà nìkan ló ti yé e. "Ẹ pè wọ́n, ìyá mi. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀."

Tàjùdíìnì rẹ́rìn-ín ẹ̀rín rẹ̀ yẹn, lẹ́yìn náà ó fajú ro díẹ̀. "Àmọ́ Ìyá, bí kò bá bàjẹ́ mọ́, kí ni mo fẹ́ máa wá ṣe?"

"Jókòó," ni Ràṣídátù wí, ó ti àwo ẹ̀wà sí i. "Òkúta pọ̀ nínú eléyìí."