Irin Àyẹ̀wò Ìkòkò Kẹta

Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ló di orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé irin wá sí yàrá àyẹ̀wò, tó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, tí kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní pariwo, kò ní bínú. Á kàn ní, "Kò ì mọ́." Àwọn tó wà nísàlẹ̀ á tún padà sídìí iṣẹ́. Bó ṣe di Kòìmọ́ nìyẹn, títí máníjà pàápàá fi gbàgbé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Irin tí wọ́n ń dà níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a fi ń rọ àdá. Àdàlù irin àti nikẹli ni, tí àwọn tó ń ṣe irin líle máa ń rà láti fi sínú tiwọn, bí ẹni fi iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tá kan máa ń bá a wá láti inú òkúta: imí-ọjọ́. Bó ti wù kó kéré tó, bó bá wọ inú irin líle, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tẹ irin náà nínú iná ni yóò sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, bí àdàlù náà bá ti yọ́ jáde nínú iná ìléru, inú ìkòkò ńlá kan tó ga ju ènìyàn méjì lọ ni wọ́n ń dà á sí. Wọ́n á da ẹfun òkúta tí wọ́n ti sun sí i, ẹ̀rọ á máa ro ó, ẹfun á fa imí-ọjọ́ mọ́ra, á gbé e léfòó, ó di ìdàrọ́. Wọ́n á wá gbá ìdàrọ́ náà kúrò lójú irin. Ìkòkò mẹ́ta ni wọ́n ń fọ̀ bẹ́ẹ̀ lóòjọ́.

Ẹ̀gbọ́n Kòìmọ́ ni olórí àwọn tó ń gbá ìdàrọ́. Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Kòìmọ́ nígbà tí bàbá wọn kú. Ẹ̀gbọ́n yìí ló fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tó lọ ń ru òkúta nílé iṣẹ́ náà kí àbúrò rẹ̀ lè kàwé. Òun náà ló sì bá a wá iṣẹ́ síbẹ̀ nígbà tó kàwé tán.

Òfin ilé iṣẹ́ ni pé ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ni yóò sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, tí yóò fi ṣíbí ọlọ́wọ́ gígùn bu irin nínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀gùn náà sì ga. Nígbà tí Kòìmọ́ lóyún ọmọ rẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Jókòó jẹ́ẹ́ ní tìẹ. Èmi á máa gbé e gòkè wá fún ẹ." Ọmọ ọ̀hún ti pé ọdún méje báyìí, ẹ̀gbọ́n ṣì ń gbé irin gòkè. Bó bá gbé e dé, á jókòó, á mu tíì, á sọ ti àwọn ọmọ. Ta ni yóò máa fura sí ọwọ́ tó bọ́ ọ dàgbà?

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, irin àyẹ̀wò ìkòkò kẹta dé. Ó mọ́ lóló.

"Bọ̀dá, ẹ fi ọṣẹ fọ èyí ni?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jókòó mu tíì. Ó ní ọkọ̀ àwọn oníbàárà ti ń dúró. Kòìmọ́ buwọ́ lu ìwé, ọkọ̀ sì gbé ẹrù lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, máníjà ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ irin líle ti jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó kó irin líle méjì tó ti sán sórí tábìlì, ó fi ègé àdàlù kan tì í. Imí-ọjọ́ kún inú àdàlù náà. Ìkòkò kẹta, Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ìwé tí Kòìmọ́ buwọ́ lù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ta ló bu irin tí ẹ yẹ̀ wò?" máníjà béèrè.

Kòìmọ́ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń retí pé yóò ní òun ni, kí àwọn jọ wádìí ibi tí nǹkan ti wọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wúkọ́. "Òun náà ni, sà. Òun ló máa ń sọ̀kalẹ̀ wá bù ú. Bó bá ti kúrò lọ́dọ̀ mi, mi ò mọ ohun tó fi ṣe."

Kòìmọ́ kọ́kọ́ rò pé etí òun ló ṣì í gbọ́. Máníjà ní kó lọ kọ tẹnu rẹ̀ sínú ìwé, kó mú un wá lọ́la.

Ní kọ̀rọ̀ kan nílé iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà á lápá. "Má bínú. Ìkìlọ̀ lásán ni wọ́n á fún ẹ, ìwé ẹ̀rí ẹ pọ̀. Èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe fọ́máànù lóṣù tó ń bọ̀. Bá mi gbà á mọ́ra."

"Bọ̀dá, kí lẹ gbé fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Irin ni mo gbé fún ẹ."

Kòìmọ́ padà sí yàrá àyẹ̀wò. Gbogbo irin tó bá yẹ̀ wò ló máa ń tọ́jú ààbọ̀ rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà. Ó mú ti ìkòkò kìn-ín-ní àti ti ìkẹta ọjọ́ náà, ó tún wọn yẹ̀ wò. Kì í ṣe imí-ọjọ́ nìkan ló bára mu. Nikẹli bára mu, bàbà bára mu, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ kà bára mu títí dé ìdí. Ìkòkò méjì kì í rí bẹ́ẹ̀ láé. Ìbejì pàápàá, ẹnìkan á sanra ju ẹnìkejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣíbí bọ ìkòkò kìn-ín-ní, tó wá gbé ọ̀kan gòkè fún un lórúkọ ìkẹta.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ó ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà, kò fìgbà kan rò pé ìyẹ̀wù tòun ni wọ́n ń sọ.

Lọ́jọ́ kejì, lójú máníjà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀bi tirẹ̀ ló fi ṣáájú. "Ọdún méje ni mi ò ti sọ̀kalẹ̀ lọ bu irin. Mo jẹ̀bi ìyẹn." Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ìwé àbájáde àyẹ̀wò méjèèjì síwájú máníjà. Máníjà kà á, ó tún un kà, ó bojú wo ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ̀rọ tó ń ro ìkòkò kẹta ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà," ni ẹ̀gbọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Ọkọ̀ ti ń dúró. Mo rò pé kò ní hàn."

Wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa kó ìdàrọ́ lẹ́yìnkùlé. Kòìmọ́ gba ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì ní kó má buwọ́ lu ohunkóhun fún oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Àìkú ni ìyá wọn ránṣẹ́ pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wà ní pálọ̀ kó tó dé. Ìyá ò jẹ́ kó jókòó.

"Ṣé ìwọ lo lọ ta ẹ̀gbọ́n ẹ fún àwọn ọ̀gá? Ẹni tó ru òkúta nítorí ẹ?"

Kòìmọ́ dúró kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibí yìí ló ti dun Kòìmọ́ ju ti ọ́fíìsì lọ.

"Màmá, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n sọ lójú máníjà."

Ìyá yíjú sí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n gbójú kúrò. Ìyá gbá ẹnu mú.

"Mo ru òkúta nítorí ẹ," ni ẹ̀gbọ́n wí jẹ́jẹ́.

"Mo mọ̀, Bọ̀dá. Mi ò gbàgbé rí. Ká ní ẹ wá bá mi lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ ní ẹ̀rọ ti dúró, ǹ bá tẹ̀ lé yín lọ bá máníjà, ká jọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ ò sọ fún mi. Ẹ kàn lò mí. Nígbà tó fẹ́ hàn, ẹ tì mí síwájú."

Ìyá bọ́ sí ibi ìdáná, wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìkòkò dé ìkòkò láìbu nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé, Kòìmọ́ pàdé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó bi í nípa ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó kọjá. Ó ti mú ṣíbí lọ́wọ́, ó ti sọ̀kalẹ̀ dé ìdí ìkòkò, kó tó mọ̀ pé "sà" lòun pè é, kì í ṣe "Bọ̀dá".