Ìmúra Àtigun Òkè ní Ìlú Tí Kò Lókè

Ilẹ̀ Wárí tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, omi á kàn dúró ni, torí kò rí ibi tó máa ṣàn gbà. Ohun tó kọ́kọ́ sú Ràhímù nìyẹn nígbà tó ti ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ́yìn dé ìlú náà. Kì í ṣe ẹ̀fọn, kì í sì í ṣe Pidgin tí gbogbo ayé ń sọ sí i létí. Ó ń gbójú sókè wá òkè, kò rí nǹkan kan àfi iná gáàsì àwọn elépo tó ń jó lọ́ọ̀ọ́kán.

Owó epo ti wọ ìlú nígbà náà. Bàtà iṣẹ́, aṣọ òjò àti tọ́ọ̀ṣì ni Ràhímù ń tà nínú ọjà ńlá Wárí, àwọn òṣìṣẹ́ epo kì í sì í nájà púpọ̀ kí wọ́n tó rà á. Ó ti kọ́lé sí Ugbolokposo lẹ́bàá ìlú. Síbẹ̀, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ọkàn rẹ̀ á fò lọ sí Òkè Alábẹ́bẹ̀, àpáta dúdú ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀, níbi tí òun àtàwọn ọmọ ilé ti máa ń jókòó lórí pèpéle òkúta kan, tí wọ́n á máa wo ìyá wọn bó ṣe ń sá láfún nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá pe ìyá náà, á gbójú sókè, á dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ wọn pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, á sì tún rẹ́rìn-ín. Ìyá ti kú. Ràhímù ò délé mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin ín.

Olúsànmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá ọ̀rọ̀ òkè sílẹ̀. Ará Ìlàjẹ ni, etí omi Wárí ló ń gbé, ọkọ̀ ojú omi ló sì fi ń kó ẹja gbígbẹ lọ sí Kamẹrúùnù. Lọ́jọ́ tó wá ra aṣọ òjò, ó ní, "Ràhímù, mo rí òkè kan lọ́hùn-ún tó ti etí òkun dìde lọ bá ọ̀run. Àwọn èèyàn ń gùn ún dé orí o!"

Ó parí nìyẹn. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wọn mọ́. Bí Olúsànmí bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, yóò wá bá Ràhímù, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa gun òkè Kamẹrúùnù lórí ìjókòó.

Kúbúrátù, ìyàwó Ràhímù, gbọ́ ọ títí ó fi sú u. "Bàbá Sàlíhátù, ṣé òkè ló wù yín gùn ni? Èyí tó wà nílé yín ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ìgbàkígbà tí mo bá délé ni màá gun ìyẹn."

Kúbúrátù wò ó, ó ń ṣa ìrẹsì rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n níbo lèèyàn ti ń kọ́ òkè gígùn ní Wárí? Wọ́n rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga kan ní Jakpa Road. Wọ́n wọ bàtà iṣẹ́, wọ́n pọn gàrí sẹ́yìn nínú àpò, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀. Olúsànmí tó máa ń dúró gangan nínú ọkọ̀ lójú ìjì, ògiri ló ń dì mú. Nígbà tó yá, Rosemary, obìnrin tó nilé, jáde sí wọn.

"Wetin una dey find for my upstairs since morning?"

"Madam, na mountain we dey practise," Ràhímù dáhùn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Rosemary rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn. Láti ọjọ́ náà, "Mountain" ni gbogbo àdúgbò ń pe àwọn méjèèjì.

Ẹrù dídì tún wá jẹ́ eré ọ̀tọ̀. Olúsànmí tú àpò rẹ̀ sílẹ̀, Ràhímù bá ìdákọ̀ró kékeré kan nínú rẹ̀.

"Kí lèyí wà fún?"

"Bí atẹ́gùn bá dé ńkọ́? Ṣé a ò ní dúró ni?"

Ẹ̀rín pa Ràhímù dé ibi tí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ayé dùn nígbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín. Àwọn àgbà méjì, pẹ̀lú ìdákọ̀ró orí òkè!

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbéra ni tírélà wá da òkúta sí Jakpa Road, níbi tí wọ́n ti ń mú títì fẹ̀ sí i. Ràhímù mú ọ̀kan, ó gbé e símú. Ọjọ́ pẹ́ tó ti gbóòórùn àpáta. Adégbénró, awakọ̀ tó da òkúta náà, kí i, ohùn àwọn méjèèjì sì fi hàn pé ará ẹ̀gbẹ́ Ìsẹ́yìn ni wọ́n.

"Òkúta ibo nìyí, ọmọ mi?" Ràhímù bi í.

"Ti ọ̀nà Ifọ́n ni, bàbá. Ṣùgbọ́n ibi gbogbo ni wọ́n ti ń fọ́ ọ báyìí, títì ti pọ̀ jù. Àní wọ́n ti gbé ẹ̀rọ dé Alábẹ́bẹ̀ wa lọ́hùn-ún. Wọ́n ti fọ́ apá kan rẹ̀ lọ."

Ràhímù jókòó sórí òkìtì òkúta náà. Gbogbo ọdún tó fi ń sọ pé òun á délé wá di àbámọ̀ fún un.

Ó lọ bá Olúsànmí létí omi. "Mi ò lè bá ọ lọ Kamẹrúùnù mọ́. Tí mi ò bá délé báyìí, mi ò ní bá ibi tí mo ti ń wo ìyá mi mọ́."

Inú bí Olúsànmí. Ó ti sọ fún gbogbo ìjọ. Abigail, ìyàwó rẹ̀, ti rán ẹ̀wù òtútù fún un. Ó wo ọkọ̀ rẹ̀ títí.

"Òkè tìrẹ yẹn, ṣé ọkọ̀ ojú omi ń débẹ̀?"

"Rárá."

"A jẹ́ pé mọ́tò la máa wọ̀."

Àsìkò oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọ́ òkúta ni wọ́n dé ìdí Alábẹ́bẹ̀. Ọ̀gá wọn ní kí àwọn àlejò méjèèjì yára gùn ún kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. Olúsànmí ń fi orúnkún gòkè, kò ráhùn. Nígbà tí wọ́n dórí, Ràhímù sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilé bàbá rẹ̀, ó sì dúró gbọn-in. Pèpéle òkúta náà ò sí. Wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀gbẹ́ yẹn dànù.

"Ibẹ̀ yẹn ni," ó wí, ó nawọ́ sínú afẹ́fẹ́. "Ibẹ̀ la máa ń jókòó. Kò sí nǹkan kan tí mo lè fi hàn ọ́."

Olúsànmí ṣí fìlà rẹ̀. "Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi rì sí lójú òkun, omi lásán ni," ó wí. "Tí mo bá débẹ̀, mo máa ń mọ̀ pé ibẹ̀ ni."

Ó jókòó sórí àpáta. Ràhímù jókòó tì í, wọ́n kọjú sí ibẹ̀, títí àwọn òṣìṣẹ́ fi fọn fèrè pé kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀.